Rudolf Diesel

Rudolf Christian Karl Diesel (tí a bí ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 1858, tí ó sì pòórá lójú òkun ní alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1913) jẹ́ onímọ̀-ẹ̀rọ ọmọ orílẹ̀-èdè Jámánì. Òun ni ó ṣẹ̀dá ẹ́ńjìnnì tí kò nílò púlọ́ọ̀gì láti dáná sí epo, tí ó jẹ́ pé ìgbóná afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ nínú sílíńdà ni ó ń tan iná náà. Orúkọ rẹ̀ ni gbogbo ayé fi ń pe ẹ́ńjìnnì yìí, òun náà ni a sì fi ń pe epo tí ó ń mu. Ojoojúmọ́ ni a ń dá orúkọ náà ní ilé epo, ní ibùdókọ̀ àti ní ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀, bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn tí ń dá a kò mọ̀ pé orúkọ ènìyàn ni.

Ìbí àti ìgbà èwe

A bí Diesel ní Párìsì, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Faransé. Òun ni ọmọ kejì nínú ọmọ mẹ́ta tí Theodor Diesel àti Elise aya rẹ̀ bí. Ọmọ ilẹ̀ Bavaria ni àwọn òbí rẹ̀ méjèèjì. Bàbá rẹ̀ wá láti ìlú Augsburg, ìyá rẹ̀ sì wá láti Nuremberg. Iṣẹ́ ìwé dídì ni bàbá rẹ̀ kọ́ nílé, ṣùgbọ́n ní Párìsì, àpò àti àwọn ohun èlò aláwọ mìíràn ni ó ń ṣe tà. Owó kò fi bẹ́ẹ̀ wọlé, ọmọkùnrin náà a sì máa gbé ọjà lọ fún àwọn oníbàárà káàkiri ìgboro. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, ilé àkójọ àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ tí ó wà ní ìlú náà ni ó máa ń lọ, a jókòó síbẹ̀, a sì máa ya àwòrán àwọn ẹ̀rọ tí ó bá rí.

Ní ọdún 1870, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín ilẹ̀ Faransé àti Prussia. Nítorí pé ọmọ ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n, kò sí ààyè fún ìdílé Diesel mọ́ ní Párìsì. Wọ́n sá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú ìwọ̀nba ẹrù tí wọ́n lè gbé. Ìyà jẹ wọ́n níbẹ̀. Kí ogun náà tó parí, àwọn òbí rẹ̀ fi Rudolf, ọmọ ọdún 12, ránṣẹ́ sí Augsburg láti lọ gbé lọ́dọ̀ ìbátan wọn, Christoph Barnickel, tí ó jẹ́ olùkọ́ ìṣirò. Ó di ará ilé Barnickel, ó sì wọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ọkùnrin náà ti ń kọ́ni. Ní ọmọ ọdún 14, ó kọ̀wé sí àwọn òbí rẹ̀ pé iṣẹ́ ẹ̀rọ ni òun fẹ́ ṣe láyé.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ àti ọdún tí ó fi ṣe iṣẹ́ yìnyín

Ní ọdún 1873, ó parí ẹ̀kọ́ ní ipò kìíní nínú kíláàsì rẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ó gba ẹ̀bùn ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀-ẹ̀rọ ti ìlú Munich. Ibẹ̀ ni ó ti bá ọ̀jọ̀gbọ́n Carl von Linde pàdé, ẹni tí a mọ̀ káàkiri ayé nítorí àwọn ẹ̀rọ amúǹkantutù tí ó ṣe. Nínú kíláàsì Linde ni Diesel ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́: pé ẹ̀rọ tí ń fi oru omi ṣiṣẹ́, tí gbogbo ilé-iṣẹ́ àti ọkọ̀ ojú irin ayé ìgbà náà gbára lé, kì í lò ju nǹkan bí ìdá mẹ́wàá lọ nínú ọgọ́rùn-ún ooru tí ó wà nínú èédú tí a ń jó sí i. Èyí tí ó kù ń lọ sínú afẹ́fẹ́. Sadi Carnot, onímọ̀ ọmọ Faransé, sì ti fi hàn láti ọdún 1824 bí ẹ̀rọ tí kò ní í fi ooru ṣòfò ṣe yẹ kí ó rí. Diesel kọ ọ́ sí etí ìwé rẹ̀ pé kí òun wádìí bóyá a lè ṣe irú rẹ̀ ní tòótọ́.

Ibà jẹ̀fùnjẹ̀fùn kò jẹ́ kí ó ṣe ìdánwò àṣekágbá pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1879. Ó lọ ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ àwọn Sulzer ní ìlú Winterthur, ní Swítsálàǹdì, kí ó tó padà wá gba ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1880 pẹ̀lú èsì tí ó ga jù lọ. Linde gbà á síṣẹ́, ó sì rán an padà sí Párìsì láti bójú tó ilé-iṣẹ́ yìnyín tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Láàárín ọdún kan ó di ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1881, ó gba ìwé-ẹ̀tọ́ olùpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́, lórí ọ̀nà àtiṣe yìnyín tí ó mọ́ kedere. Ní ọdún 1883, ó gbé Martha Flasche níyàwó, wọ́n sì bí ọmọ mẹ́ta: Rudolf kékeré, Heddy àti Eugen.

Bí ó ti wà nídìí òtútù yìí, ooru ni ó ń rò. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún gbìyànjú láti ṣe ẹ̀rọ tí yóò lo oru amóníà dípò oru omi, ṣùgbọ́n kò bọ́ sí i. Ní ọdún 1890, ó kó ìdílé rẹ̀ lọ sí Berlin láti máa ṣiṣẹ́ fún Linde níbẹ̀. Berlin ni èrò tuntun náà ti pé lọ́kàn rẹ̀.

Èrò ẹ́ńjìnnì tuntun

Ẹni tí ó bá ti fi pọ́ǹpù fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ mọ̀ pé ara pọ́ǹpù náà a máa gbóná. Bí a bá fún afẹ́fẹ́ pọ̀, yóò gbóná. Bí a bá fún un pọ̀ gidigidi lẹ́ẹ̀kan náà, yóò gbóná débi pé epo tí a bá wọ́n sí i yóò gbiná fúnra rẹ̀. Ohun tí Diesel gbé kalẹ̀ kò ju èyí lọ. Nínú ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù, epo àti afẹ́fẹ́ máa ń jùmọ̀ wọ sílíńdà ni, iná púlọ́ọ̀gì a sì tàn wọ́n. Nínú ti Diesel, afẹ́fẹ́ nìkan ni ó ń kọ́kọ́ wọlé. Písítìnì a fún un pọ̀, a sì wọ́n epo sí i ní ìkẹyìn, ní àkókò tí ó gbóná jù lọ.

Ó gba ìwé-ẹ̀tọ́ olùpilẹ̀ṣẹ̀ lórí èrò yìí ní orílẹ̀-èdè Jámánì, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 67207, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í múlẹ̀ láti ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 1892. Ní ọdún 1893, ó tẹ ìwé kan jáde láti ṣàlàyé rẹ̀. Ohun tí ó lérò nínú ìwé náà pọ̀ ju ohun tí irin ìgbà náà lè gbà lọ. Ó fẹ́ fún afẹ́fẹ́ pọ̀ dé ìfúnpá tí ó lé ní ìlọ́po 200 ti afẹ́fẹ́ òde, ó sì fẹ́ kí epo máa jó láìjẹ́ kí ìgbóná inú sílíńdà lọ sókè sí i. Bí èyí bá ṣeé ṣe, kò ní í sí ooru àṣẹ́kù, kò sì ní í sí ìdí láti fi omi tu ẹ́ńjìnnì lára. Ní ojú Diesel, ooru tí omi bá gbé jáde kúrò lára ẹ́ńjìnnì, olè ni ó jà á.

Àwọn ìdánwò ní Augsburg

Heinrich von Buz, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ńlá ti Augsburg, kọ́kọ́ kọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ó yí ọkàn padà nígbà tí Diesel gbà láti dín ìfúnpá náà kù. Ilé-iṣẹ́ Krupp náà dá owó sí i. Ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ jẹ́ onísílíńdà kan ṣoṣo, ó sì ga tó nǹkan bíi mítà mẹ́ta. Kò ní àyíká omi kankan, nítorí pé ìṣirò Diesel sọ pé kò nílò rẹ̀.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1893, wọ́n fi bẹ́líìtì yí ẹ́ńjìnnì náà, wọ́n sì wọ́n epo sí i fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó dún bí ìbọn. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá fọ́ yángá, díẹ̀ ni ó sì kù kí àfọ́kù rẹ̀ ba àwọn tí ó dúró níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì náà kò lè dá yí, síbẹ̀ ohun tí Diesel fẹ́ mọ̀ ti hàn: epo gbiná láìsí ohun tí ó tàn án ju ìgbóná afẹ́fẹ́ lọ.

Wọ́n tú u, wọ́n sì tún un ṣe, wọ́n fi àyíká omi sí i lára ní ìgbà yìí. Ọ̀rọ̀ omi yìí ni mo-rò-pé àkọ́kọ́ tí iṣẹ́ ọwọ́ já ní irọ́ nínú ìwé rẹ̀, kò sì jẹ́ ìkẹyìn. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejì ọdún 1894, ẹ́ńjìnnì náà dá yí fúnra rẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Ìgbà 88 ni ó yí. Ó gba ọdún mẹ́ta sí i kí ó tó di ohun tí a lè gbé síwájú aráyé. Ọ̀nà àtiwọ́n epo sí sílíńdà ni ó fa wàhálà jù lọ. Ìkẹyìn rẹ̀ ni pé wọ́n fi afẹ́fẹ́ tí a ti fún pọ̀ tẹ́lẹ̀ fẹ́ epo náà wọlé, èyí tí ó béèrè fún ẹ̀rọ mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì gan-an. Imanuel Lauster, ọ̀dọ́mọdé onímọ̀-ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ náà, wà lára àwọn tí iṣẹ́ yìí já lé léjìká.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejì ọdún 1897, ọ̀jọ̀gbọ́n Moritz Schröter láti Munich wá wọn agbára ẹ́ńjìnnì náà ní gbangba. Agbára rẹ̀ tó ti nǹkan bí ẹṣin 20, ó sì sọ ìdá 26.2 nínú ọgọ́rùn-ún ooru inú epo rẹ̀ di iṣẹ́. Ẹ̀rọ oru omi ìgbà náà kì í sábà dé ìdajì ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ooru nínú ẹ́ńjìnnì Diesel

Gbogbo ẹ̀dá ẹ́ńjìnnì yìí dá lórí ooru, ìdí nìyí tí òtútù fi ń ṣe é léṣe ju bí ọ̀pọ̀ awakọ̀ ti rò lọ. Ẹ́ńjìnnì tí ó gbóná jù a máa hó, a sì máa yọ oru, ojú gbogbo ènìyàn ni ó ń rí i. Èyí tí kò gbóná tó kì í pariwo. Bí ara sílíńdà bá tutù, yóò fa ooru kúrò nínú afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀. Epo yóò pẹ́ kí ó tó gbiná, òmíràn kò sì ní í jó tán. Èéfín funfun tí ń rùn bí epo tútù ni yóò máa jáde ní ìdí ọkọ̀. Epo tí kò jó yóò fọ ọ́ìlì kúrò lára sílíńdà, yóò ṣàn lọ bá ọ́ìlì ìsàlẹ̀, yóò sì mú un ṣàn bí omi, tí irin yóò fi máa họ irin.

Ọkọ̀ bọ́ọ̀sì ni àìsàn yìí sábà máa ń mú. Ẹ́ńjìnnì Diesel máa ń fa afẹ́fẹ́ púpọ̀ ní gbogbo ìgbà, ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ bá dúró tí ẹ́ńjìnnì sì ń yí lásán, epo tí ó ń jó kò tó nǹkan, ooru tí ó ń mú jáde kò sì pọ̀. Rédíétọ̀ bọ́ọ̀sì tóbi, bọ́ọ̀sì sì máa ń dúró ní ibùdókọ̀ gbogbo. Ohun tí ń pa ooru mọ́ fún un ni tẹmọ́sítáàtì, fáàfù kékeré tí ń dí ọ̀nà rédíétọ̀ títí omi inú ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná dé nǹkan bíi dígírì Celsius 80 lé díẹ̀. Bí ó bá há ní ṣíṣí, omi yóò máa lọ tutù kí ó tó gbóná.

Bí ọfà géèjì ìgbóná kò bá gòkè, ohun tí ó yẹ kí á kọ́kọ́ ṣe ni láti fi ẹ̀rọ ìwọn-ìgbóná mìíràn yẹ omi náà wò, nítorí pé géèjì gan-an lè máa purọ́. Bí òótọ́ bá ni ó ń sọ, kí á tan ẹ́ńjìnnì tí ó ti sùn mọ́jú, kí á sì fọwọ́ kan họ́ọ̀sì òkè tí ó lọ sí rédíétọ̀. Ó yẹ kí họ́ọ̀sì náà tutù fún ìgbà díẹ̀, kí ó tó gbóná lójijì nígbà tí tẹmọ́sítáàtì bá ṣí. Bí ó bá ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, fáàfù náà kò padé, tàbí kí ó má tilẹ̀ sí níbẹ̀ rárá. A lè yọ ọ́, kí á so ó rọ̀ sínú ìkòkò omi lórí iná, kí á máa wo ìwọ̀n ìgbóná tí yóò fi ṣí. Bí kò bá ní àléébù, kí á wo fáànù bóyá ó ń yí láìsinmi nígbà tí ó yẹ kí ó dúró. Ní ilẹ̀ olóoru bíi Nàìjíríà, àwọn mẹkáníìkì kan a máa yọ tẹmọ́sítáàtì dànù kí ọkọ̀ má baà hó. Àṣìṣe ni, nítorí pé ooru òde kò lè ṣe iṣẹ́ ooru inú sílíńdà.

Owó, òkìkí àti ìdààmú

Lẹ́yìn ìdánwò ọdún 1897, àwọn oníṣòwò láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ wá ra ẹ̀tọ́ àtiṣe ẹ́ńjìnnì náà. Adolphus Busch, olówó ọtí bíà ní ìlú St. Louis, san mílíọ̀nù kan owó máàkì fún ẹ̀tọ́ ti Amẹ́ríkà. Diesel di ọlọ́rọ̀ láàárín ọdún kan, ó sì kọ́ ilé ńlá sí Munich. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ́ńjìnnì tí wọ́n kọ́kọ́ tà kò tíì gbó. Èyí tí wọ́n gbé fún ilé-iṣẹ́ ìṣáná kan ní ìlú Kempten ní ọdún 1898 kún fún wàhálà, àwọn oníbàárà sì ń ráhùn. Àwọn kan ń bá a ṣẹjọ́ lórí ìwé-ẹ̀tọ́ rẹ̀. Wọ́n ní ẹ́ńjìnnì tí ó ṣe kì í ṣe èyí tí ó kọ sínú ìwé, òótọ́ sì wà níbẹ̀. Àwọn mìíràn tọ́ka sí ẹ́ńjìnnì tí Herbert Akroyd Stuart, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣe ṣáájú. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀ délẹ̀, nítorí pé ti Akroyd Stuart nílò ohun gbígbóná láti òde kí ó tó lè gbiná. Àárẹ̀ mú Diesel débi pé wọ́n gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú ní ọdún 1898. Owó tí ó fi ra ilẹ̀ ní Munich àti èyí tí ó fi sí kànga epo ní Galicia ṣòfò.

Níbi ìpàtẹ àgbáyé ti Párìsì ní ọdún 1900, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gba ẹ̀bùn tí ó ga jù lọ. Ohun kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí àwọn òǹwòran tí ó kíyè sí i kò pọ̀. Ilé-iṣẹ́ kan fi òróró ẹ̀pà yí ẹ́ńjìnnì Diesel kékeré kan, láìyí ohunkóhun padà lára rẹ̀. Ìjọba Faransé ni ó béèrè fún un, nítorí ẹ̀pà tí ń so púpọ̀ ní àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n gbà. Wọ́n ń wò ó bóyá a lè rí agbára ẹ̀rọ níbẹ̀ láìkó èédú tàbí epo wá láti òkèèrè. Diesel fúnra rẹ̀ tún ọ̀rọ̀ òróró ọ̀gbìn yìí gbé yẹ̀ wò ní ọdún 1911 àti 1912.

Ẹ́ńjìnnì náà ń tàn kálẹ̀ bí owó ẹni tí ó ṣe é ti ń tán. Ní ọdún 1903, ọkọ̀ ojú omi Vandal bẹ̀rẹ̀ sí í fi í rìn lórí odò Volga ní Rọ́síà. Ní ọdún 1912, ọkọ̀ Selandia ti ilẹ̀ Dẹ́ńmárkì fi í la òkun kọjá lọ sí Éṣíà. Diesel tún kọ ìwé kan ní ọdún 1903 lórí bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe lè jùmọ̀ ni ilé-iṣẹ́ wọn, ìwé tí ó kà sí ohun pàtàkì tí òun ṣe. Àwọn tí ó rà á kò pọ̀. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1908, àkókò ìwé-ẹ̀tọ́ rẹ̀ ti pé, ẹnikẹ́ni sì lè ṣe ẹ́ńjìnnì náà láìsan kọ́bọ̀ fún un.

Bí ó ṣe pòórá

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1913, Diesel wọ ọkọ̀ Dresden ní Antwerp, ní Bẹ́ljíọ̀mù, láti rékọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ìpàdé ilé-iṣẹ́ kan tí ń ṣe ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ó bá àwọn méjì tí wọ́n jọ ń rìnrìn àjò jẹun alẹ́. Ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá, ó lọ sí yàrá rẹ̀, ó ní kí wọ́n jí òun ní agogo mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú 15. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò sí ẹnikẹ́ni nínú yàrá náà. Wọn kò sùn lórí ibùsùn, aṣọ ìsùn rẹ̀ wà ní títẹ́ sílẹ̀, aago rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Wọ́n rí fìlà àti kóòtù rẹ̀ ní ìdí ọ̀pá ìdábùú ọkọ̀ náà.

Ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, àwọn atukọ̀ ilẹ̀ Nẹ́dálándì rí òkú ọkùnrin kan lórí Òkun Àríwá. Ó ti bàjẹ́ débi pé wọn kò gbé e wọ ọkọ̀. Wọ́n kó àwọn nǹkan kékeré inú àpò rẹ̀, wọ́n sì dá a padà sí omi. Eugen ọmọ rẹ̀ ni ó jẹ́rìí pé ti bàbá òun ni àwọn nǹkan náà. Ẹni ọdún 55 ni. Kí ó tó kúrò nílé, Diesel ti fi àpò kan lé Martha lọ́wọ́, pé kò gbọdọ̀ ṣí i títí di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Nígbà tí ó ṣí i, owó ni ó bá níbẹ̀, pẹ̀lú ìwé tí ó fi hàn pé kò sí ohun tí ó kù ní báńkì.

Àwọn kan gbà pé ó pa ara rẹ̀ nítorí gbèsè. Àwọn mìíràn sọ pé wọ́n pa á ni, pé kí àṣírí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ abẹ́ omi má baà dé ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ogun ti ń rùn. Kò sí ẹ̀rí fún èyí, kò sì sí àṣírí púpọ̀ láti pa mọ́, nítorí pé àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi Faransé ti ń lo ẹ́ńjìnnì náà láti ọdún 1904. Ìwé ìfowópamọ́ tí ó ṣófo ni ó sún mọ́ òótọ́ jù.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀

Nígbà ayé Diesel, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wúwo jù fún ọkọ̀ ojú pópó. Ìgbà tí a rí ọ̀nà láti wọ́n epo láìlo afẹ́fẹ́ ni ó tó fúyẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ Jámánì gbé e sí ọkọ̀ akẹ́rù ní nǹkan bí ọdún 1924, Robert Bosch bẹ̀rẹ̀ sí í ta pọ́ǹpù epo fún un ní ọdún 1927, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ Mercedes 260 D sì jáde ní ọdún 1936. Ní ìlú Èkó, lára ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes 911 tí ń mu epo dísẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ti kan ọ̀pọ̀ mọlúè tí ó gbé àwọn ènìyàn lọ sí ibi iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Eugen kọ ìtàn ìgbésí ayé bàbá rẹ̀ jáde ní ọdún 1937. Ẹ́ńjìnnì tí Schröter dán wò ní ọdún 1897 wà ní ilé àkójọ Deutsches Museum ní Munich. Ní Augsburg, nínú ọgbà ìtura Wittelsbacher, òkúta ìrántí rẹ̀ wà nínú ọgbà kékeré kan tí Magokichi Yamaoka, oníṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ọmọ ilẹ̀ Japan, fi ta ìlú náà lọ́rẹ ní ọdún 1957.